Ẹ̀yẹ Ìkẹyìn: Àkọsílẹ̀ Wẹ́wẹ́ Lórí Ìsìnkú Àwọn Ọ̀gágun

Sójà tó bá ń ṣọ́ òkú ọ̀gágun kì í gbé ìbọn rẹ̀ bó ṣe ń gbé e lójoojúmọ́. Ẹnu ìbọn á wà nílẹ̀, ìdí rẹ̀ á wà lókè, ọwọ́ méjèèjì á sinmi lé e, orí á sì tẹ̀ ba. Lójú pàréèdì yòókù, iwájú ni wọ́n ní kí sójà máa wò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ni àṣẹ ti fún un láyè láti wo ilẹ̀.

Lára pósí ọ̀gágun, ohun mẹ́ta ni ojú kọ́kọ́ ń rí: àsíá orílẹ̀-èdè, fìlà, àti idà. Àwọn àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ á wà lórí tìmùtìmù, ẹnì kan á máa gbé e tẹ̀ lé pósí. Kí wọ́n tó sọ pósí kalẹ̀, wọ́n á kó gbogbo rẹ̀ kúrò níkọ̀ọ̀kan. Wọ́n á ká àsíá, ọ̀gá àgbà kan á gbé e fún opó. Ohun tó wọ ilẹ̀ kò ní àmì ipò kankan lára mọ́.

Àwọn ọ̀gá tí ipò wọn bá ti òkú dọ́gba ni ìlànà Gẹ̀ẹ́sì, tí Nàìjíríà jogún, ní kó máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ pósí lọ́tùn-ún lósì. Orí ejìká àwọn ọmọ ogun kéékèèké ni pósí fúnra rẹ̀ wà.

Ìrìn àlọ sí ibojì kì í yá. Wọ́n á fi aṣọ dúdú bo ìlù, ẹsẹ̀ á gbéra, á dúró díẹ̀ kó tó balẹ̀. Ìrìn àbọ̀ yàtọ̀. Ìlànà àtijọ́ ni pé bí wọ́n bá ti kúrò létí ibojì, kí ẹgbẹ́ onífèrè gbé orin tó yá, kí gbogbo wọn sì yan padà sí báárékè kánmọ́kánmọ́. Iṣẹ́ ọ̀la ti ń dúró.

Orin fèrè méjì ni wọ́n ń fọn létí ibojì. Èkíní ni èyí tí wọ́n fi ń kéde ní báárékè lálaalẹ́ pé gbogbo olùṣọ́ ti wà níbi iṣẹ́ rẹ̀, pé kí àwọn yòókù lọ sùn. Lẹ́yìn rẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Èkejì ni èyí tí wọ́n fi ń jí sójà ní òwúrọ̀. Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀ pé ẹni tí wọ́n ń jí kò ní dìde, síbẹ̀ kò sí ìsìnkú ológun tó péye láìsí orin ìjí yìí. Mi ò tíì gbọ́ ọ létí ibojì kí ọkàn mi má gbọ̀n.

Amẹ́ríkà ní orin tirẹ̀. Oṣù Keje 1862 ni, lásìkò ogun abẹ́lé wọn. Sójà kan kú ní Virginia, àwọn ọ̀tá wà nítòsí. Ìlànà ní kí wọ́n yìn ìbọn lẹ́ẹ̀mẹta lórí ibojì. Ọ̀gá rẹ̀, Káputéènì John Tidball, ronú pé bí ìbọn bá dún, àwọn ọ̀tá á rò pé ìjà ti bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí onífèrè fọn orin alẹ́ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lò ní ibùdó náà dípò ìbọn. Bí ìtàn náà ṣe wà lẹ́nu àwọn ológun Amẹ́ríkà nìyẹn. Lónìí, wọ́n ń fọn orin náà, wọ́n sì ń yìn ìbọn pẹ̀lú.

Láti ọdún 2000 ni òfin Amẹ́ríkà ti sọ ọ́ di dandan pé kí ajagunfẹ̀yìntì tó bá kú gba ẹ̀yẹ, ó kéré tán: sójà méjì tó wọ aṣọ iṣẹ́, àsíá tí wọ́n ká lójú ẹbí, àti orin fèrè. Àwọn tó mọ fèrè fọn kò tó. Ní 2003, wọ́n mú fèrè kan jáde tí ẹ̀rọ kékeré wà nínú rẹ̀. Sójà á tẹ bọ́tìnì, á gbé fèrè sẹ́nu, ẹ̀rọ á kọ orin náà láìsí àṣìṣe. Ẹni tó dúró lókèèrè kò ní mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n sin Ààrẹ John F. Kennedy, 25 oṣù Kọkànlá 1963, onífèrè tó dára jù ní ẹgbẹ́ ọmọ ogun ni wọ́n yàn, Sájẹ́ǹtì Keith Clark. Ó ti dúró nínú òtútù fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tó fọn orin náà, ohùn kẹfà fọ́. Gbogbo ayé ló gbọ́ ọ lórí tẹlifíṣọ̀n. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Amẹ́ríkà sọ pé ohùn tó fọ́ yẹn ni ẹkún orílẹ̀-èdè náà, àwọn kan tilẹ̀ rò pé Clark mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Òtútù ni.

Ní ìsìnkú kan náà, ẹṣin dúdú kan tí ẹnikẹ́ni kò gùn ń tẹ̀ lé pósí, bàtà méjì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gàárì rẹ̀, iwájú bàtà kọ sẹ́yìn. Black Jack ni orúkọ rẹ̀. Kò balẹ̀ rárá lọ́jọ́ yẹn. Sójà tó fà á jìjàkadì pẹ̀lú rẹ̀ lọ jìnnà. Ẹṣin náà kú ní 1976. Wọ́n sin eérú rẹ̀ sí pápá pàréèdì Fort Myer ní Virginia pẹ̀lú ẹ̀yẹ ológun ní kíkún.

Ọ̀pọ̀ ìròyìn máa ń da nǹkan méjì pọ̀. Ìbọn àgbá 21 ni ti olórí orílẹ̀-èdè. Ìbọn ọwọ́ tí sójà bíi mélòó kan ń yìn pa pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta létí ibojì, ti ológun gbogbo ni. Níbi tí àwọn ayìnbọn bá ti jẹ́ méje, ọta 21 ló jáde, ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti wá. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀gágun onírawọ̀ mẹ́rin ń gba ìró àgbá 17, onírawọ̀ mẹ́ta 15, onírawọ̀ méjì 13, onírawọ̀ kan 11. Kò sí èyí tó ṣeé pín sí méjì nínú wọn.

Òfìfo ni ọta tí wọ́n ń yìn létí ibojì. Ariwo wà, èéfín wà, ọta kò sí.

Nílẹ̀ Yorùbá, bí ọdẹ bá kú, àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ á kó ìbọn ṣakabùlà wá, wọ́n á máa yìn ín lákọlákọ, wọ́n á sun ìrèmọ̀jé mọ́jú. Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìsípà ọdẹ, tí wọ́n á kó ohun èlò iṣẹ́ ọdẹ rẹ̀ lọ sínú igbó, kí òkú lè ya kúrò láàárín àwọn alààyè tí wọ́n jọ ń ṣọdẹ. Kò sí ìwé òfin tó ní ìbọn mélòó ló tọ́ sí ta ni. Bí òkú ṣe gbajúmọ̀ tó, tí ẹ̀tù sì ṣe pọ̀ tó, ni ìró ṣe ń pọ̀ tó. Nínú ìrèmọ̀jé, wọ́n ń sọ ohun tí ọdẹ náà pa, ibi tó pa á sí, àti irú ènìyàn tó jẹ́ nílé. Ìlànà ológun kò fi àyè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ létí ibojì. Ìtàn ìgbésí ayé òkú ti parí sí ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́ṣáláṣí. Lójú mi, ohun ńlá ni àwọn ọdẹ wa pa mọ́ níbi tí àwọn ológun ti sọ tiwọn nù.

Adékúnlé Fájuyì ti Adó-Èkìtì jẹ́ sájẹ́ǹtì nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun amúnisìn ní 1951. Àwọn ọmọ ogun ẹgbẹ́ rẹ̀ kan fẹ́ ṣọ̀tẹ̀ nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn. Fájuyì bá wọn pa iná ọ̀tẹ̀ náà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Ní Kóńgò, ní 1961, ó gba èyí tó tún ga ju ìyẹn lọ, Military Cross, nítorí ìgboyà lójú ìjà. Ọ̀tẹ̀ àwọn ọmọ ogun ni ó pa á ní 1966.

Ilé Ìjọba ní Ìbàdàn ni, 29 oṣù Keje. Fájuyì ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn. Àlejò rẹ̀ ni olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, tó wá bá àwọn lọ́balọ́ba sọ̀rọ̀. Àwọn sójà yí ilé ká, wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé. Ìtòsí Lalúpọn ni wọ́n pa àwọn méjèèjì sí. Ìtàn tí a ń gbọ́ láti kékeré ni pé Fájuyì kọ̀ kí wọ́n mú àlejò òun lọ kí òun wà láàyè. Àwọn kan ń jiyàn lórí ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nínú ilé náà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Èmi gba ìtàn náà gbọ́, nítorí mo mọ ohun tí àlejò jẹ́ lójú Èkìtì.

Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ìjọba tuntun fi pa ikú àwọn méjèèjì mọ́. Ní gbogbo àkókò yẹn, olórí orílẹ̀-èdè kan ti wà nínú ilẹ̀ láìsí ìkéde, láìsí àsíá tó wálẹ̀ dé ìdajì òpó. Lẹ́yìn ìpàdé Aburi ní Gánà, ní oṣù Kìíní 1967, ni wọ́n tó sọ ọ́. Ẹ̀yẹ wá dé lẹ́yìn náà: wọ́n hú òkú wọn, wọ́n gbé Ironsi lọ sí Umuahia, wọ́n gbé Fájuyì lọ sí Adó-Èkìtì. Àwọn ọmọ ogun yan, wọ́n yìn ìbọn, fèrè dún. Aṣọ tí wọ́n wọ̀ ní Adó kò yàtọ̀ sí aṣọ àwọn tó wá sí Ilé Ìjọba lóru ọjọ́sí.

Ọmọ Èkìtì mìíràn, Adéyínká Adébáyọ̀ láti Ìyìn, ni wọ́n fi rọ́pò Fájuyì. Ìyìn kò jìnnà sí Adó. Adébáyọ̀ di ọ̀gágun, ó fẹ̀yìn tì, ó dàgbà, ó rí ọmọ-ọmọ. Ó kú ní 8 oṣù Kẹta 2017. Ọjọ́ kejì ni ì bá pé ẹni ọdún 89. Ilé ni wọ́n sin ín sí. Àádọ́ta ọdún ló wà láàárín ìsìnkú gómìnà méjèèjì.

Chukwuma Nzeogwu ni ó darí ìfipágbàjọba ti Kàdúná ní 15 oṣù Kìíní 1966. Lóru yẹn ni wọ́n pa Ahmadu Bello, Sàrdáúnà, olórí ìjọba Àríwá. Ìlú kan náà, òru kan náà, ni wọ́n pa Bìrìgédíà Samuel Adémúlégùn, ọmọ Oǹdó, àti ìyàwó rẹ̀ lórí ibùsùn wọn. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn náà, Nzeogwu ń jà fún Bìàfírà, ilẹ̀ tó kéde pé òun ti ya kúrò lára Nàìjíríà. Àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pa á nítòsí Nsukka, 29 oṣù Keje 1967. Ọdún kan géérégé lẹ́yìn ikú Fájuyì. Wọn kò sọ òkú rẹ̀ sínú igbó. Gowon, olórí orílẹ̀-èdè nígbà náà, ní kí wọ́n gbé e lọ sí Kàdúná, wọ́n sì sin ín sí itẹ́ àwọn ológun níbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀yẹ ní kíkún.

Ọjọ́ ìrántí àwọn ọmọ ogun tó ti kú ní Nàìjíríà jẹ́ 11 oṣù Kọkànlá tẹ́lẹ̀, ọjọ́ tí Ogun Àgbáyé Kìíní parí. Ìjọba gbé e sí 15 oṣù Kìíní nítorí ọjọ́ yẹn ni Bìàfírà túúbá ní 1970. Ọjọ́ yẹn náà ni àwọn ọ̀gá ológun kéékèèké pa àwọn ọ̀gá wọn ní 1966. Lọ́dọọdún, òdòdó kan náà ni ààrẹ àti àwọn gómìnà ń fi lélẹ̀, wọ́n á sì tú ẹyẹlé sílẹ̀. Àwọn ọdún kan wà tí ẹyẹlé kò fẹ́ fò, ọ̀rọ̀ náà á sì gbòde lọ́jọ́ kejì.

Odumegwu Ojukwu, tó jẹ́ olórí Bìàfírà, kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 26 oṣù Kọkànlá 2011. Lóṣù Kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n gbé òkú rẹ̀ wọ Àbújá, àwọn ọmọ ogun Nàìjíríà tò láti gbà á. Àsíá aláwọ̀ ewé àti funfun ni wọ́n fi bo pósí rẹ̀, àsíá orílẹ̀-èdè tí Ojukwu kéde ní 1967 pé Bìàfírà ti ya kúrò lára rẹ̀. Ọjọ́ 2 oṣù Kẹta 2012 ni wọ́n sin ín sí Nnewi, ààrẹ wà níbẹ̀. Àwọn kan nínú èrò di àsíá Bìàfírà, tí oòrùn ìdajì wà lára rẹ̀, mú. Àsíá méjèèjì wà lójú ọ̀run kan náà lọ́jọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni kò yìnbọn fún ẹnìkejì.

Ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998 ni Ọ̀gágun Sani Abacha, olórí ìjọba ológun, kú. Ọjọ́ náà gan-an ni wọ́n sin ín sí Kánò, láìsí ayẹyẹ ìjọba. Ní ìgboro Èkó àti Ìbàdàn, àwọn ènìyàn ń jó.

Ọ̀gágun Ibrahim Attahiru kò tíì lo oṣù mẹ́rin pé nípò olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ tí bàálù rẹ̀ fi já ní Kàdúná, ọjọ́ Ẹtì 21 oṣù Karùn-ún 2021. Òun àti àwọn mẹ́wàá mìíràn ló bá a lọ. Ọjọ́ kejì, ní ìlànà ẹ̀sìn Ìsìláàmù, wọ́n sin ín sí itẹ́ àwọn ológun ní Àbújá. Ààrẹ Muhammadu Buhari, tó jẹ́ ọ̀gágun fúnra rẹ̀, kò sí níbẹ̀. Agbẹnusọ rẹ̀ ṣàlàyé lórí tẹlifíṣọ̀n pé ààrẹ kì í fẹ́ kí wọ́n máa dí ọ̀nà mọ́ aráàlú nítorí òun.

Buhari kú sí Lọ́ńdọ̀nù ní 13 oṣù Keje 2025. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n sin ín sí ọgbà ilé rẹ̀ ní Daura. Ìjọba kéde ọjọ́ yẹn ní ìsinmi jákèjádò orílẹ̀-èdè, ààrẹ tó wà lórí oyè lọ, ìbọn àgbá 21 dún.

Ọ̀gágun Táoréèdì Lágbájà, ọmọ Ìlobùú ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ṣàìsàn nígbà tó wà nípò olórí àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀. Ní òpin oṣù Kẹwàá 2024, wọ́n fi Olúfẹ́mi Olúyẹdé di àyè rẹ̀ mú. Àwọn méjèèjì jọ wọ ilé ẹ̀kọ́ ológun ní Kàdúná ni, kọ́ọ̀sì 39. Lágbájà kú ní 5 oṣù Kọkànlá, ẹni ọdún 56. Ẹni tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ológun ni ó ṣáájú àwọn ọmọ ogun lọ sin ín ní ọjọ́ 15. Àárín àwọn ológun, kò sí ìbátan tó le ju ti ará kọ́ọ̀sì lọ. Àwọn kan máa ń pe ara wọn ní nọ́ńbà kọ́ọ̀sì kí wọ́n tó pe orúkọ.

Ọjọ́ méje ni ìjọba ní kí àsíá fi wà ní ìdajì òpó nítorí Lágbájà. Létí ibojì ni ààrẹ ti kéde oyè ẹ̀yẹ orílẹ̀-èdè, CFR, fún un. Ilé ọmọ Yorùbá ni wọ́n sábà ń sin ín sí, kí ọmọ lè máa rí ojú oórì. Àbújá ni Lágbájà wà. Ẹni tó bá fẹ́ ti Ìlobùú lọ kí i yóò rin ọ̀nà jíjìn tàbí kó wọ bàálù.

Sójà mẹ́tàdínlógún ni wọ́n pa ní Okuama, Ìpínlẹ̀ Delta, ní 14 oṣù Kẹta 2024. Ọ̀gá mẹ́rin wà nínú wọn, ọ̀kan jẹ́ Lẹ́fútẹ́náǹtì Kọ́nẹ́ẹ̀lì. Mẹ́tàlá yòókù jẹ́ sójà lásán. Ọjọ́ kan náà, 27 oṣù Kẹta, ni wọ́n sin gbogbo wọn sí Àbújá, ààrẹ wà níbẹ̀. Pósí mẹ́tàdínlógún, àsíá mẹ́tàdínlógún, ìwọ̀n kan náà. Láti ọjọ́ tí mo ti ń wo ìsìnkú ológun, èyí ni mo rí tí ipò kò hàn lára pósí.

Ní ọdún 1923, Gordon Guggisberg ni gómìnà Gánà, tí wọ́n ń pè ní Gold Coast nígbà náà. Wọ́n ń jíròrò òkúta orí ibojì fún àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tó kú nínú Ogun Àgbáyé Kìíní. Ó ní ará ibẹ̀ kò ní mọ ohun tí òkúta orí ibojì wà fún. Ní 2021, àjọ tó ń tọ́jú ibojì ogun fún Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde: ó kéré tán, 116,000 ọmọ ogun àti aláàárù, tó pọ̀ jù nínú wọn láti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà àti Íjíbítì, ni wọn kò kọ orúkọ wọn sára ohun ìrántí kankan. Wọ́n tọrọ àforíjì. Orúkọ ọ̀pọ̀ nínú wọn ti sọnù pátápátá, torí ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n kú.

Arlington ní Virginia ni Amẹ́ríkà ń sin àwọn ọ̀gágun rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù sí. Ilẹ̀ ìdílé ìyàwó Robert E. Lee ni. Lee ni ọ̀gágun tó kó ogun ja ìjọba Amẹ́ríkà fún àwọn ìpínlẹ̀ Gúúsù. Ogun kò tíì parí, ní oṣù Karùn-ún 1864, tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sin sójà sí ọgbà rẹ̀, àwọn kan lẹ́bàá ilé gan-an, kí ìdílé náà má lè padà wá gbé ibẹ̀. Ní 1882, ilé ẹjọ́ tó ga jù sọ pé ọ̀nà tí ìjọba gbà gba ilẹ̀ náà kò bófin mu. Ọdún kejì, ìjọba san 150,000 dọ́là fún ọmọ Lee. Àwọn òkú kò kúrò.

Ọjọ́ tí wọ́n ń gbé òkú Ọbabìnrin Victoria lọ ní Windsor, 2 oṣù Kejì 1901, òtútù mú, àwọn ẹṣin tó fẹ́ fa kẹ̀kẹ́ ìbọn àgbá náà já okùn. Àwọn atukọ̀ ojú omi tó wà nítòsí fi okùn so ara wọn mọ́ kẹ̀kẹ́, wọ́n fà á. Láti ọjọ́ náà ni ó ti di àṣà. Ní oṣù Kẹsàn-án 2022, atukọ̀ 142 ni wọ́n fi fa kẹ̀kẹ́ kan náà fún Ọbabìnrin Elizabeth Kejì.

Ní oṣù Kẹfà 1979, ìjọba Jerry Rawlings ní Gánà yìnbọn pa ọ̀gá ológun mẹ́jọ. Mẹ́ta nínú wọn ti jẹ olórí orílẹ̀-èdè: Acheampong, Afrifa àti Akuffo. Wọ́n sin wọ́n sí Nsawam, ìlú tí ọgbà ẹ̀wọ̀n wà, láìsí ẹ̀yẹ kankan. Ní 2001, ìjọba mìíràn hú òkú wọn fún ẹbí wọn. Rawlings fúnra rẹ̀ kú ní 2020. Itẹ́ àwọn ológun ní Burma Camp, Àkíráà, ni wọ́n sin ín sí ní oṣù Kìíní 2021, ìbọn àgbá 21.

Patrice Lumumba, olórí ìjọba Kóńgò, ni wọ́n pa ní 17 oṣù Kìíní 1961. Ọlọ́pàá Bẹ́ljíọ̀mù kan fi ásíìdì yọ́ òkú rẹ̀, ó sì mú eyín lọ sílé. Ní oṣù Kẹfà 2022, Bẹ́ljíọ̀mù dá eyín kan padà. Pósí tí ènìyàn lè na tàn-tàn nínú rẹ̀ ni wọ́n gbé e sí. Àwọn ọmọ ogun gbé pósí náà káàkiri orílẹ̀-èdè, wọ́n sin ín sí Kinshasa ní ọjọ́ òmìnira. Ejìká wọn tẹ̀ bí ejìká ẹni tó gbé òkú àgbàlagbà.

Ní oṣù Kejì 1977, àwọn sójà ya wọ ilé olórin Fẹlá ní Èkó, wọ́n sì ju ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, láti ojú fèrèsé. Ìyá náà kú lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ní 1979, bí ìjọba ológun ṣe ń múra láti lọ, Fẹlá àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé pósí kan, tó dúró fún ti ìyá náà, lọ sí Dodan Barracks, níbi tí olórí orílẹ̀-èdè ń gbé, wọ́n gbé e kalẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà.

Àwọn ajagunfẹ̀yìntì ti dí ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ ètò ìṣúná ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí owó ìfẹ̀yìntì tí wọn kò tíì san. Àwọn kan gbé àga wá, àwọn kan tẹ́ ẹní. Àmì ẹ̀yẹ wà láyà àwọn kan nínú wọn. Ó yẹ kí a bá wọn sanwó kí a tó ra ọta òfìfo.

Ọkọ̀ Mercedes dúdú tí wọ́n pa olórí orílẹ̀-èdè, Ọ̀gágun Murtala Muhammed, sínú rẹ̀, 13 oṣù Kejì 1976, wà ní ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ní Oníkan, Èkó. Ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Kánò ni wọ́n sin ín sí. Orúkọ rẹ̀ ni pápákọ̀ òfurufú Èkó ń jẹ́, àwòrán rẹ̀ sì wà lára ogún náírà. Nínú ọkọ̀ náà ni wọ́n ti pa Lẹ́fútẹ́náǹtì Akíntúndé Akínṣẹ̀hìnwá, ọ̀gá kékeré tó ń bá a rìn, àti awakọ̀ rẹ̀, Sájẹ́ǹtì Adamu Michika.